Ìyá Àgbà Mi Ṣì Ń Wò Ó

Nígbà tí bàbá mi pè mí láti Kambolé, ìlú wa, pé ìyá àgbà ti dákẹ́, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé, ká ní ìyá àgbà fúnra wọn ló gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, wọn kò ní gbà á gbọ́. Wọ́n á ní, "Ta ló rí i? Ẹni tó sọ fún ọ, ta ló sọ fún òun náà? Ṣé ẹnì kan ti gbé etí lé e láyà?" Bí wọ́n ṣe máa ń gba ìròyìn ikú nìyẹn, ì báà jẹ́ ládánì mọ́sálásí ló mú un wá. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé wa ní Komah, ní Sokodé, fóònù wà létí mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi bàbá mi ní àwọn ìbéèrè yẹn gan-an, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, "Mọ̀ínátù, ìwọ náà ti di Ìyá Sàlámì." Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbà mí.

Sàlámì ni bàbá mi. Àwọn ni àkọ́bí, ìdí nìyẹn tí gbogbo Kambolé fi ń pe ìyá àgbà ní Ìyá Sàlámì. Ràmátù ni orúkọ wọn gan-an. Lẹ́yìn wọn, àwọn kan ń pè wọ́n ní Ìyá Onífura. Ìyá àgbà mọ̀ nípa orúkọ náà, wọ́n sì mọ ẹni tó sọ wọ́n bẹ́ẹ̀, tàbí kí n sọ pé wọ́n fura sí i, nítorí pé lójú tiwọn kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì.

Ìtàn ìgbésí ayé wọn kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Mi ò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn. Àwọn náà kò mọ̀ ọ́n, wọn kò sì fọkàn tán èyí tí ìjọba kọ sínú káàdì wọn. Irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ ni mo fẹ́ sọ, àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n kọ̀ láti sọ lọ́jọ́ tí à ń sin ọkọ wọn, tó fi di ẹrù sí gbogbo ìdílé wa lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Bí àkókò àti gbin iṣu bá ti ń súnmọ́, ìyá àgbà máa ń lọ sí Koussountou lọ ra èèbù. Ìgbà kan, mo tẹ̀ lé wọn. A dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí èèbù rẹ̀ dára lójú, tí òun náà sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní kò sí irú rẹ̀ láti ibẹ̀ dé Bago. Ó ní ẹni tó bá gbìn ín, kò ní rí ibi tó máa kó iṣu sí. Ìyá àgbà ń gbọ́, wọ́n ń fi èékánná ha ara èèbù náà, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀. Bí ọkùnrin náà ṣe ń yìn ín ni ojú wọn ń le sí i. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n kọjá sọ́dọ̀ obìnrin kan tí kò tilẹ̀ gbójú sókè wò wá, wọ́n sì ra tirẹ̀. Mo bi wọ́n lójú ọ̀nà pé kí ló ṣe ti ọkùnrin yẹn. Wọ́n ní, "Tí èèbù náà bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí òun náà kò gbìn ín?"

Nígbà tí ojú ń dùn wọ́n, wọ́n wá gbé lọ́dọ̀ mi ní Sokodé fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n lè súnmọ́ ilé ìwòsàn. Agbolé ni ilé tá a ń gbé ní Komah, àwa àti àwọn Kotokoli tó ni ìlú la jọ wà níbẹ̀, a sì mọra dáadáa. Ìyá àgbà kò rí ti pé a mọra rò. Wọ́n ní àpótí onírin kan tí wọ́n kó aṣọ sí. Láràárọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, wọ́n á há ẹyọ ìgbálẹ̀ kan sí ẹnu ìdérí rẹ̀, pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i, ẹyọ ìgbálẹ̀ náà á jábọ́. Lọ́jọ́ kan, ó jábọ́ lóòótọ́. Wọ́n pe gbogbo ilé jọ. Wọ́n há òmíràn síbẹ̀, wọ́n dúró ti àpótí náà, wọ́n ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ìyá onílé tí wọn kò gbọ́ ẹyọ Yorùbá kan. Níbi tá a dúró sí ni aláǹgbá kan ti yọ lẹ́yìn àpótí, ó gun orí rẹ̀, ó sì fi ìrù gbá ẹyọ ìgbálẹ̀ tuntun náà dànù lójú gbogbo wa. Ẹ̀rín sọ. Ìyá àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹjú mọ́ aláǹgbá náà títí ó fi gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ta ló rán an?"

Nígbà tí àwọn èèyàn ọkọ mi ti Bago wá tọrọ mi, wọ́n ka gbogbo ìwà rere ọmọ wọn sílẹ̀. Ọmọ tó ń kírun ni, kì í mu sìgá, ó mọ iṣẹ́ oko, ó mọ ìwé. Ìyá àgbà fetí sílẹ̀ títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ní, "Gbogbo èyí, ó sì wà ní Bago, ẹnì kankan kò rí i mú?" Ìdí nìyí tí ìgbéyàwó mi fi pẹ́ díẹ̀ kó tó so. Láti ìgbà yẹn sì ni, nígbàkígbà tí mo bá dé Kambolé, wọ́n á fà mí sí ẹ̀gbẹ́ àká, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kò tíì ṣe nǹkan kan?"

"Kò tíì ṣe nǹkan kan, Ìyá àgbà."

"Ó ní sùúrù o."

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé èèyàn burúkú ni wọ́n. Ìfura yẹn náà ló gba ẹ̀mí mi là. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ibà kan mú mi, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, ara mi sì rọ̀ kíá, gbogbo ilé ń dúpẹ́. Ìyá àgbà nìkan ló kọ̀ láti lọ sóko. Wọ́n jókòó tì mí láti àárọ̀, ọwọ́ wọn wà láyà mi, wọ́n ní ibà tó bá lọ kíákíá báyẹn, ó gbàgbé nǹkan ni, ó máa padà wá mú un. Nígbà tí ibà náà padà dé lójijì, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tójú mi yí, àwọn nìkan ló wà nílé, àwọn ló sì gbé mi sáré. Mo fẹ́ràn wọn gan-an ni. Ó máa ń ni mí lára tí àwọn èèyàn bá ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà sì wà lára àwọn tó ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá àgbà, Ísíáká, tí ìyá àgbà ń pè ní Bàbá Sàlámì, kò jọ wọ́n rárá. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀, wọ́n sì fẹ́ràn láti máa fi èèyàn ṣeré. Nígbà tí ara ṣì le, bí wọ́n bá ti wa iṣu tán tí ẹ̀ẹ̀rùn sì dé, wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Aného, létí òkun, lọ ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Aṣọ ibùsùn, aṣọ orí tábìlì, ṣẹ́ẹ̀tì àwọn àlejò, ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Bí iṣẹ́ oko bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á padà sí Kambolé.

Wọ́n máa ń mú iyọ̀ bọ̀, wọ́n ń mú ẹja gbígbẹ, nígbà mìíràn wọ́n ń mú aṣọ. Wọ́n sì máa ń mú òórùn kan bọ̀. Kì í ṣe òórùn òkun, kì í sì í ṣe ti ọṣẹ. Ó dùn, bíi lọ́fíńdà obìnrin, ó sì máa ń wà lára ẹ̀wù wọn, nínú àpò wọn, àti nínú báàgì wọn. Ìyá àgbà sọ fún mi pé lọ́dún àkọ́kọ́ tí Bàbá Sàlámì ti etí òkun dé, òun ti gbọ́ òórùn náà kí òun tó rí ojú wọn.

Nínú àpò ẹ̀wù tí bàbá àgbà wọ̀ dé lọ́dún yẹn ni ìyá àgbà ti bá ìnujú kan tí wọ́n ta ní kókó. Ìyá àgbà tú u. Òdòdó gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀, ó ti dúdú bí ewé tábà, ó sì ń ta sánsán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó pẹ̀lú ojú Kambolé. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹnikẹ́ni kì í fún ẹnikẹ́ni ní òdòdó. Ohun jíjẹ là ń fún èèyàn, tàbí aṣọ, tàbí adìyẹ. Bí ẹ bá rí ewé gbígbẹ tí wọ́n dì ní kókó sínú aṣọ, tó ń rùn dídùn, tó sì ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, orúkọ kan ṣoṣo ló ní, oògùn. Ìyá àgbà kò wulẹ̀ ronú lé e. Lójú tiwọn, obìnrin kan ní Aného ló dì í fún ọkọ wọn, kó má baà gbàgbé ọ̀nà.

"Ta ló ni èyí?" ni wọ́n bi bàbá àgbà.

Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín. "Tìrẹ ni."

"Mo mọ̀ pé tèmi ni," ni ìyá àgbà dáhùn. "Èmi ni wọ́n dì í fún, kí n lè tètè kú."

Wọ́n ka Kùránì lé e lórí, wọ́n sì jù ú sí ṣáláńgá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òmíràn wà nínú àpò. Wọ́n jù ú. Bó ṣe ń lọ nìyẹn lọ́dọọdún. Bàbá àgbà kò yé mú un bọ̀, ìyá àgbà kò yé jù ú nù, kò sì sí ẹni tó tún dárúkọ rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Bí ọ̀kan bá ti rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ èkejì nígbà àkọ́kọ́, tí èkejì sì ti fi orí kunkun dá a lóhùn, ó ṣòro kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí bàbá àgbà dàgbà tí wọn kò lè lọ sí etí òkun mọ́, òórùn náà tán nínú ilé, ṣùgbọ́n obìnrin Aného kò tán lọ́kàn ìyá àgbà.

Bàbá àgbà kú lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́. Bí a ti ń ṣe é ní ọ̀dọ̀ wa ni pé kí wọ́n tó kírun sí òkú lára, Lìmámù á dojú kọ àwọn èèyàn, á ní kí ẹni tí olóògbé bá ṣẹ̀ dárí jì í nítorí Ọlọ́run. Gbogbo èèyàn á sì dáhùn pé àwọn ti dárí jì í. Ti ìyàwó yàtọ̀. Lìmámù fúnra wọn ló ń wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá tí opó wà, kí wọ́n lè gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀. Mo wà nínú yàrá yẹn, mo jókòó ti ìyá àgbà.

"Ìyá Sàlámì," ni Lìmámù wí láti ìta, "ṣé ẹ ti dárí ji ọkọ yín?"

Ìyá àgbà tún ìborùn wọn ṣe. Wọ́n ní, "Mo ṣì ń wò ó."

Lìmámù rò pé àwọn kò gbọ́ dáadáa, wọ́n tún bèèrè. Ìyá àgbà gbé ohùn sókè. "Ẹ gbọ́ mi, Lìmámù. Mo ní mo ṣì ń wò ó."

Bá a ṣe sin bàbá àgbà nìyẹn. Ojú tì wá débi pé a kò lè wo ara wa. Ní Kambolé, àwọn èèyàn ń sọ ọ́ pé ọkùnrin náà wọ sàréè pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn. Ó dun bàbá mi ju bí wọ́n ti lè sọ lọ. Lọ́dọọdún, tí àwẹ̀ bá ti ń lọ sópin, wọ́n á lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá wọn. "Ìyá, ẹ fi bàbá wa sílẹ̀. Tí ẹ bá lọ láì sọ ọ́, ta ni yóò bá yín sọ ọ́?" Èsì kan náà ni ìyá àgbà máa ń fún wọn. "Mi ò di bàbá rẹ mú. Mo fẹ́ mọ̀ ni."

Ní ìgbà ìsinmi kan, wọ́n pe àwa olùkọ́ kan sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ń pè ní séminaire ní Aného. Mo wà ní Kambolé nígbà náà, mo ń sọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì tá a máa dé sí fún ọkọ mi. Ìyá àgbà wà nídìí ààrò. Wọ́n gbójú sókè.

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ. Ibẹ̀ náà ni bàbá àgbà ti ń fọṣọ láyé wọn.

"Èmi náà ń lọ."

Bàbá mi ní kò ṣeé ṣe. Ọkọ mi ní ọ̀nà jìn, ara wọn kò gbà á mọ́. Ìyá àgbà, tí wọn kò kọjá Sokodé rí, ti ń ká ẹní ìkírun wọn sínú báàgì.

A gba Lomé kọjá, a dé Aného lọ́sàn-án. Ilé ńlá ni òtẹ́ẹ̀lì náà, àwọn Jámánì ló kọ́ ọ láyé àtijọ́. Ògiri rẹ̀ nípọn, àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ pákó tó ń han bí èèyàn bá ń gùn ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì dojú kọ òkun. Atẹ́gùn oníyọ̀ ti jẹ ọ̀dà ara fèrèsé rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi àwòrán àwọn òyìnbó onírùngbọ̀n kọ́ sára ògiri. Ìyá àgbà dúró, wọ́n wò wọ́n, àwọn òyìnbó náà ń wo ìyá àgbà.

"Àwọn wo nìyí?"

"Àwọn tó kọ́ ilé náà ni, Ìyá àgbà. Wọ́n ti kú tipẹ́."

"Kí ni wọ́n wá ń ṣọ́?"

Ọmọbìnrin tó gbà wá lálejò gbé omi èso wá nínú ìfe. Ìyá àgbà ní kí ó kọ́kọ́ mu ún. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó mu ún, ó sì gbé òmíràn wá. Ìyá àgbà kò mu ìyẹn náà, wọ́n ní òun kò rí i nígbà tí wọ́n ń bù ú. Mo mú wọn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n lè rí òkun. Èmi rò pé ẹnu á yà wọ́n. Wọ́n dúró pẹ́ títí, wọ́n di ojú pọ̀, wọ́n ní, "Kí ló ń wá, tó ń bọ̀, tó ń padà, tó tún ń bọ̀?"

Nínú yàrá ni wàhálà wà. Ibùsùn náà tóbi, wọ́n ti fi aṣọ funfun bò ó látòkè délẹ̀, wọ́n sì ti ká etí aṣọ náà wọ abẹ́ ibùsùn ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, kò sí ibi tó hunjọ. Ìyá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò wọlé.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá àgbà. Bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ibùsùn níbí nìyẹn."

"Mọ̀ínátù, láti ìgbà tí mo ti bí bàbá rẹ ni mo ti ń bá wọn wẹ òkú obìnrin ní Kambolé. Tí mo bá rí káfàní òkú, mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti tẹ́ ẹ, wọ́n ti ká a lórí, wọ́n ti ká a lẹ́sẹ̀. Ẹni tí yóò dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ló kù."

Gbogbo ẹ̀bẹ̀ mi já sí asán. Wọ́n tẹ́ ẹní ìkírun wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni wọ́n sì sùn. Èmi sùn sórí káfàní.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti ibi séminaire padà wá wò wọ́n lọ́sàn-án. Obìnrin tó ń tún yàrá ṣe ti wá, ó ti tú aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìfọṣọ dé jáde, ó sì ti tẹ́ ẹ. Ìyá àgbà wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di etí aṣọ funfun náà mú, wọ́n tẹ imú bọ̀ ọ́. Ẹ̀rù bà mí.

"Òun nìyí," ni wọ́n wí. "Obìnrin náà wà nílé yìí."

Mo gbé aṣọ náà sí imú. Òórùn yẹn ni lóòótọ́. Láti ìgbà ọmọdé mi ni mo ti mọ̀ ọ́n, lára ẹ̀wù bàbá àgbà tó bá ń kọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìyá àgbà dìde. "Ẹni tó fọ aṣọ yìí, mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n ti ń fọṣọ. Wọ́n sá aṣọ funfun síbẹ̀ lórí okùn lóríṣiríṣi, atẹ́gùn òkun ń fẹ́ wọn. Igi kan wà láàárín, tí òdòdó rẹ̀ gùn, tó rí jánganjàngan, tó pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Abẹ́ rẹ̀ ni ìyá arúgbó kan jókòó sí, tí wọ́n ń pè ní Dàdá Afí. Òun ni olórí àwọn alágbàfọ̀. Ó ń ká aṣọ ibùsùn, bó bá sì ti ká a lẹ́ẹ̀kan, á fi òdòdó kan sáàárín kó tó tún un ká. Ìyá àgbà dúró síwájú rẹ̀. Wọ́n wo etí rẹ̀, wọ́n wo ọrùn rẹ̀, wọ́n wo ọwọ́ rẹ̀.

Mínà, èdè àwọn ará etí òkun, ni Dàdá Afí ń sọ. Mo gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé apá ìsàlẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́.

"Bi í," ni ìyá àgbà wí, "ta ló kọ́ ọ ní ohun tó ń ṣe yìí?"

Mo bi í. Dàdá Afí ní ìgbà tí òun jẹ́ ọmọbìnrin kékeré tí wọ́n mú òun wá síbi ìfọṣọ, ọkùnrin kan láti apá òkè ni ọ̀gá àwọn. Mùsùlùmí ni, Papa Kambolé ni àwọn ń pè é. Ó ní tí aṣọ bá pẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù níbí, ó máa ń rùn bí ẹja, òdòdó yìí ni Papa sì fi ń lé òórùn náà. Tí ìgbà àtilọ sílé bá ti tó, Papa máa ń ṣa àwọn tó dára jù, á sá wọn sórí páànù, á sì dì wọ́n sínú ìnujú.

Mo sọ ọ́ fún ìyá àgbà bí mo ṣe gbọ́ ọ. Wọ́n wò mí, wọ́n wo Dàdá Afí.

"Gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn tó sọ yẹn, èyí nìkan ló jẹ́?"

"Òun náà ni, Ìyá àgbà."

"O ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ fún mi. Bi í, obìnrin wo ló ń di òdòdó náà fún?"

Ó ṣòro fún mi láti bi í. Mo bi í ṣáá. Dàdá Afí bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé aṣọ kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí òdòdó tó wà nínú agbọ̀n bíi pé ó fẹ́ jí i, ó sì fi ọwọ́ kejì gbá ara rẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló la ẹnu, ní ohùn Kambolé pátápátá, ohùn bàbá àgbà gan-an:

"Má fọwọ́ kàn án! Ti ìyàwó mi ni."

Mo bi í bóyá ó gbọ́ èdè wa. Ó ní rárá, ìyẹn nìkan lòun mọ̀. Ó ní òun kò tilẹ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ títí dòní. Ohun tí àwọn ọmọbìnrin ìgbà náà mọ̀ ni pé tí àwọn bá ti na ọwọ́ sí ìnujú Papa, tí Papa bá sì ti sọ ọ́, kí àwọn yára mú ọwọ́ kúrò.

Èyí kò gba ẹnu mi kọjá kó tó dé etí ìyá àgbà. Kò sí ohun tí mo lè bò mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ìyá àgbà jókòó sórí iyanrìn láàárín àwọn aṣọ tó ń fẹ́. Wọn kò sunkún. Wọ́n ní kí n bá wọn tọrọ òdòdó díẹ̀. Dàdá Afí bù ú fún wọn kún ọwọ́ méjèèjì. Ìyá àgbà tú ìnujú tó wà létí ìró wọn, wọ́n kó o sínú rẹ̀, wọ́n sì ta á ní kókó.

Nígbà tá a padà sínú yàrá, wọ́n gun orí ibùsùn náà, wọ́n sì nà gbọọrọ lórí aṣọ funfun.

"Ìyá àgbà, káfàní ńkọ́?"

Wọ́n di ojú. "Bàbá Sàlámì sọ fún mi pé tèmi ni," ni wọ́n wí. "Mi ò gbọ́."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé ìpadàbọ̀ wa, ìyá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí Kambolé títí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Lìmámù ọjọ́sí náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ìyá àgbà pè wọ́n níwájú gbogbo èèyàn, nítorí pé níwájú gbogbo èèyàn ni wọ́n ti kọ̀.

"Lìmámù, ọ̀rọ̀ tí ẹ bi mí lọ́jọ́ yẹn, mo ti wò ó tán."

"Alhamdulilahi," ni Lìmámù wí. "Ṣé ẹ ti wá dárí jì wọ́n?"

"Kò sí ohun tí mo fẹ́ dárí rẹ̀ jì wọ́n. Èmi ni mo ṣẹ̀ wọ́n. Ẹnu ọ̀nà ta ni kí n lọ dúró sí, kí n bi í bóyá ó ti dárí jì mí?"

Lìmámù ní kí ìyá àgbà máa ṣe àdúrà fún bàbá àgbà. Bàbá mi, àgbàlagbà bíi tiwọn, sunkún lójú gbogbo èèyàn níwájú mọ́sálásí, ara sì tù wọ́n láti ọjọ́ náà.

Ẹ má rò pé ìfura kúrò lára ìyá àgbà lẹ́yìn ìyẹn o. Nínú ọkọ̀ tá a bá dé láti Aného ni wọ́n ti rọra fọwọ́ tọ́ mi pé etí Dàdá Afí lu ju ẹyọ kan lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ló fẹ́ fi ṣe? Wọn kò sì yé fà mí sí ẹ̀gbẹ́ àká lọ bi mí nípa ọkọ mi. Àfi pé tí wọ́n bá ti bi mí tán báyìí, wọ́n á tún fi kún un pé, "Tó bá mú nǹkan wá fún ọ, kọ́kọ́ gbà á ná."

Nígbà òjò tó kọjá yìí ni àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀. Mo lọ wò wọ́n. Wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn, kí n wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀. Kò sẹ́nì kankan. Wọ́n fa ìnujú náà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí.

"Ìwọ ni kó o bá wọn wẹ̀ mí. Má jẹ́ kí wọ́n fi lọ́fíńdà kankan sí káfàní mi, mi ò mọ ohun tí àwọn tó ń tà á ń pò mọ́ ọn. Èyí ni kó o tú sí i."

Nígbà tí mo dé Kambolé lẹ́yìn ikú wọn, mo ṣe é bí wọ́n ṣe wí. Nígbà tí mo tú kókó ìnujú náà sórí aṣọ funfun, òórùn bàbá àgbà kún inú yàrá, àwọn obìnrin tá a jọ ń wẹ̀ wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n ní lọ́fíńdà ibo nìyí. Ní ìta, Lìmámù ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn bóyá wọ́n ti dárí ji Ràmátù. Ohùn bàbá mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nínú àwọn tó dáhùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ìnujú náà lé mi lọ́wọ́, mo bi wọ́n pé kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ òdòdó yìí.

"Kí Bàbá Sàlámì lè mọ̀ pé ó dé ọwọ́ mi," ni wọ́n wí.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, mo ti ń dìde. Ìyá àgbà gbé ìka kan sókè pé kí n dúró.

"Tí obìnrin kankan bá sì wà nítòsí wọn níbẹ̀, kí òun náà gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó rí ojú mi."